Pípàgọ́ lábẹ́ igi nígbà ìjì: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwa ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Mo kọ èyí fún ẹni tó bá máa sùn nínú igbó, ìbáà ṣe ọdẹ, agégi, àgbẹ̀ tó ń gbé abà, tàbí aṣáájú tó ń kó àwọn ọmọ ọlọ́mọ lọ sí kám̀pù. Igi tó ń ṣíji bò wá lọ́sàn-án gangan lè pa wá nígbà tí ojú ọjọ́ bá yí. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ló yẹ ká ti kúrò lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń bi mí nípa rẹ̀ nìyí.

Ṣé àwa náà máa ń pàgọ́ ni? Ṣebí òyìnbó ló ń ṣe ìyẹn?

À ń pàgọ́ o. Ẹni tó ta tàpólì sí ìdí ìrókò nítorí pé ó fẹ́ gé gẹdú lọ́jọ́ kejì, àgọ́ ló pa. Àwọn àgbẹ̀ kòkó tó ń sùn lábà ní ìhà Ìjẹ̀bú-Igbó ń pàgọ́ láti ọdún dé ọdún. Àwọn ọmọ Boys' Brigade àti Sìkáòtù máa ń sùn ní pápá nígbà ìsinmi, àwọn ìjọ máa ń kó àwọn ọ̀dọ́ jáde ìlú fún ìpàgọ́, àwọn mìíràn sì máa ń gbààwẹ̀ lórí òkè àdúrà lábẹ́ ọ̀run gbalaja. Ẹ tún fi àwọn tó ń lọ sí igbó Ọmọ kún un. Ọdún 1925 ni ìjọba ti sọ ibẹ̀ di igbó ọba, UNESCO sì kà á mọ́ àwọn igbó tó yẹ kí gbogbo ayé dáàbò bò ní 1977. Erin ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tó ń ṣèwádìí máa ń sùn ní J4, ibùdó kan nínú igbó náà, nítorí rẹ̀, igi gogoro ló sì yí wọn ká.

Ìgbà wo nínú ọdún ni ìjì máa ń le jù?

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò àti ìparí rẹ̀. Láti oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, lẹ́yìn náà oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kẹwàá. Òjò oṣù Kẹfà lè rọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kí ó má ṣí pánù kan. Òjò àkọ́rọ̀ kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń gbé ẹ̀fúùfù àti àrá lọ́wọ́ wá.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kíyè sí. Láti ìhà òkun ni afẹ́fẹ́ tó ń gbé omi òjò wá ti ń fẹ́, àmọ́ ìlà-oòrùn ni ìjì fúnra rẹ̀ ti máa ń bọ̀. Ẹni tó bá wà ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù, kó máa wo ìhà Oǹdó, kó má wo ìhà Èkó. Bí ooru bá ti mú láti àárọ̀, tí ewé kankan ò mì, tí òòógùn ò gbẹ lára, tí ìkùukùu dúdú wá ga sókè ní ìlà-oòrùn, ìjì ń bọ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni atẹ́gùn tútù yóò dé lójijì pẹ̀lú eruku àti ewé gbígbẹ. Bí atẹ́gùn tútù yẹn bá ti kàn yín lójú, àsìkò àtikó ẹrù ti kọjá. Ẹ gbé ẹ̀mí yín kúrò níbẹ̀.

Ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́ ló wọ́pọ̀ jù, ṣùgbọ́n àwọn ìjì ńlá tó ń rìn láti ọ̀nà jíjìn lè dé láàárín òru nígbà tí gbogbo àgọ́ ti sùn. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹnì kan máa ṣọ́ ojú ọ̀run.

Igi ni àrá sán lù. Báwo ló ṣe wá ń pa ẹni tó dúró sábẹ́ rẹ̀?

Mànàmáná ń wá ọ̀nà tó rọrùn dé ilẹ̀. Igi ga, nítorí náà ó bọ́ sórí igi. Ṣùgbọ́n igi kò gbé iná dáadáa. Ara èèyàn gbé e jù ú lọ, torí omi àti iyọ̀ ló kún inú wa. Bí iná náà bá ti ń bọ̀ lára igi, tó sì rí èèyàn nítòsí, yóò fò kúrò lára igi sí ara ẹni náà. Kò dìgbà tí ẹ bá fọwọ́ kan igi. Ẹni tó fara ti igi tiẹ̀ ti fún un ní ọ̀nà tààrà.

Èyí tó ń pa èèyàn jù wà nínú ilẹ̀. Iná náà kì í parẹ́ ní ìdí igi, ńṣe ló ń tàn káàkiri lójú ilẹ̀ àti nínú gbòǹgbò. Bí ẹsẹ̀ yín méjèèjì bá jìnnà síra, iná yóò gba ẹsẹ̀ kan wọlé, yóò sì gba èkejì jáde. Ẹni tó dùbúlẹ̀ lórí ẹní fi gbogbo ara lélẹ̀, ọ̀nà iná náà sì gùn lára rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn darandaran fi máa ń bá màlúù púpọ̀ ní òkú lábẹ́ igi kan ṣoṣo lẹ́yìn òjò. Ẹsẹ̀ iwájú àti tẹ̀yìn màlúù jìnnà síra gan-an, iná sì gba àyà àti ọkàn rẹ̀ kọjá.

Igi fúnra rẹ̀ sì lè bú. Ooru mànàmáná tó nǹkan bí ìdíwọ̀n Sẹ́lísíọ́sì 30,000, ìlọ́po 5 ooru ojú oòrùn. Lójú ẹsẹ̀ ni oje inú igi yóò di ooru omi, kò ní ibi tí yóò gbà, yóò sì fọ́ igi jáde. Bí ẹ bá rí igi tí àrá ti sán lù, ẹ sún mọ́ ọn lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ dára kí ẹ wò ó. Ọgbẹ́ kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ yóò wà lára rẹ̀ láti òkè, tó yí igi náà wálẹ̀ bí ejò. Èpo ti bọ́, funfun inú igi hàn síta, èérún gígùn tó mú bí abẹ sì ti fọ́n ká nínú koríko. Ẹ wá rò ó wò pé àwọn ọmọ sùn síbi tí àwọn èérún yẹn balẹ̀ sí.

Bí ó bá jẹ́ atẹ́gùn nìkan, tí kò sí àrá, ṣé a lè dúró?

Rárá. Fún ẹni tó ti sùn, ẹ̀ka tó ń já bà mí lẹ́rù ju àrá lọ. Àrá máa ń jí èèyàn. Ẹ̀ka kì í kìlọ̀, ariwo atẹ́gùn ti bo dídún rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó balẹ̀. Ẹ̀ka ìrókò tó gbẹ, tó sì nípọn tó itan àgbàlagbà, bí ó bá já láti ibi gíga, tàpólì kò lè dá a dúró, pánù abà pàápàá kò lè dá a dúró.

Irú igi wo ló ń tètè wó tàbí já?

Mi ò lè sọ pé irú igi báyìí léwu kí irú tọ̀hún má léwu. Ipò tí igi wà ló ṣe pàtàkì ju orúkọ rẹ̀ lọ. Síbẹ̀ mo ní àwọn tí mi ò ní pàgọ́ sí ìdí wọn láé.

Àkọ́kọ́ ni igi ńlá tí àgbẹ̀ fi sílẹ̀ láàárín oko. A mọ bí a ṣe ń ṣe é. Wọ́n á ṣán igbó, wọ́n á fi àràbà tàbí ìrókò kan sílẹ̀ nítorí pé ó tóbi jù, wọ́n á wá dáná sun oko. Iná yẹn á jó ìdí igi náà lọ́dọọdún. Lójú, igi náà ṣì ń rúwé, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ ti di ihò. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Láàárín àwọn igi ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ti dàgbà, àwọn ló ń bá a gba atẹ́gùn. Nísinsìnyí tí wọ́n ti gé wọn, òun nìkan ló dúró gba ìjì, gbòǹgbò rẹ̀ kò sì mọ irú agbára bẹ́ẹ̀ rí. Òun náà ló tún ga jù lọ ní gbogbo àyíká, nítorí náà òun ni mànàmáná yóò kọ́kọ́ rí.

Èkejì ni igi ẹ̀bá ọ̀nà tí katapílà ti gé gbòǹgbò rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà. Apá ibi tí wọ́n gé kò ní ohun tó dì í mú mọ́.

Ẹ̀kẹta ni igi etí odò àti àbàtà. Nígbà tí ilẹ̀ bá ti mu omi yó, gbòǹgbò kò rí ohun gidi dì mọ́. Igi tútù tó ń yọ ìtànná lè wó tòun tilẹ̀ tó dúró lé.

Ọ̀pẹ àti àgbọn kì í sábà wó, àmọ́ márìwò gbígbẹ àti ìdì èso wọn ń já. Ìdì ẹyìn kan wúwo tó láti fọ́ orí èèyàn. Nínú oko obì àtijọ́, irú èyí tó pọ̀ ní agbègbè Ṣágámù, ẹ wo ẹ̀ka tí àfòmọ́ ti bò, torí ó máa ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Kí ẹ tó tú ẹrù, ẹ yí igi náà ká, kí ẹ wo òkè fún ẹ̀ka tí kò léwé tàbí tó há sórí ẹ̀ka mìíràn. Ẹ wo ìdí rẹ̀ fún olú, ikán àti ihò. Ẹ fi ẹ̀yìn àdá lù ú, bí ó bá dún bí ohun òfìfo, ẹ máa lọ. Bí igi bá dagun, ẹ wo ilẹ̀ ní òdìkejì ibi tó dagun sí. Bí ilẹ̀ bá sán tàbí tó gbéra sókè níbẹ̀, igi náà ti ń múra àtiwó.

Báwo ló ṣe yẹ kí àgọ́ jìnnà sí igi tó?

Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí àgọ́ jìnnà tó gíga igi náà àti ààbọ̀ rẹ̀. Ìrókò tó dàgbà dáadáa lè ga tó mítà 50. Mítà 75 nìyẹn.

Ẹ lè wọn gíga igi láìgùn ún. Ẹ wá ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ẹ na apá síwájú, kí ẹ di ọ̀pá náà mú lóòró, kí èyí tó yọ sókè ìkúùkù yín gùn tó àlàfo tó wà láàárín ojú yín àti ìkúùkù náà. Ẹ wá máa fi ẹ̀yìn rìn títí ìdí igi yóò fi bá òkè ìkúùkù yín mu, tí orí igi yóò sì bá orí ọ̀pá mu. Ibi tí ẹ dúró sí yẹn jìnnà sí ìdí igi tó gíga rẹ̀. Ẹ fi ààbọ̀ kún un. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn èyí gan-an, ó sì ń kọ́ wọn láti máa wo igi dáadáa.

Abà onípánù ńkọ́? Tàbí ahéré tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ bò?

Wọ́n ń gba èèyàn lọ́wọ́ òjò, wọn kì í gbà á lọ́wọ́ àrá. Ibi tí kò ní ògiri, tó jẹ́ òpó igi mẹ́rin àti pánù lásán, kò yàtọ̀ sí abẹ́ igi. Bẹ́ẹ̀ náà ni àgọ́ aláṣọ tó ní òpó irin, àti àtíbàbà tí wọ́n ń ta níbi òde. Ilé gidi tí wọ́n kọ́ dé òkè, tó ní wáyà iná àti páìpù omi nínú ògiri, ni kí ẹ wá, torí àwọn wáyà àti páìpù wọ̀nyẹn ló máa ń gbé iná mànàmáná lọ sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́, ilé ìjọsìn, ilé ìwòsàn abúlé. Bí ẹ bá sì ti wọlé, ẹ má wẹ̀, ẹ má fara ti ògiri, ẹ kúrò lẹ́bàá fèrèsé.

Ṣé inú ọkọ̀ dára?

Ó dára, bí ó bá ní òrùlé irin, tí ẹ sì ti gbogbo ilẹ̀kùn àti gíláàsì. Irin tó yí yín ká ló ń gbé iná kọjá lọ sílẹ̀, kì í ṣe táyà. Ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá kò sí nínú èyí. Ẹ má sì gbé ọkọ̀ náà sábẹ́ igi.

Wọ́n ní fóònù máa ń fa àrá. Bàtà rọ́bà sì ń dáàbò boni.

Kò sí òótọ́ nínú méjèèjì. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín kò fa nǹkan kan, ẹ jẹ́ kó wà ní títàn kí ẹ lè fi pe ìrànlọ́wọ́. Èyí tó wà lára wáyà tó ń gba iná ló léwu. Ní ti bàtà rọ́bà, iná tó gba ojú ọ̀run já wálẹ̀ láti ọ̀pọ̀ kìlómítà kò ní dúró nítorí rọ́bà tín-ín-rín. Ọdẹ tó gbé ìbọn lé èjìká, kó sọ ọ́ kalẹ̀, nítorí pé ohun tó ga ju orí rẹ̀ lọ ni.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé àrá ti sún mọ́ wa?

Bí mànàmáná bá ti kọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú àáyá títí ẹ ó fi gbọ́ àrá. Ẹ pín in sí ọ̀nà 3, iye kìlómítà tó wà láàárín yín nìyẹn. Bí ẹ kò bá lè kà dé 30 kí àrá tó sán, ó ti wà nínú kìlómítà 10, ó sì ti yẹ kí ẹ wà nínú ilé. Èmi kì í dúró kà á dé ibì kankan nígbà tí àwọn ọmọdé bá wà lọ́dọ̀ mi. Bí a bá ti gbọ́ àrá rárá, a ti ń lọ, nítorí àrá lè sán ní ibi tí òjò kò tíì dé, nígbà tí oòrùn ṣì ń ràn lórí wa.

Ìjì ká wa mọ́ inú igbó, kò sí ilé, kò sí ọkọ̀. Kí ni ká ṣe?

Kò sí ibi tó ní ààbò pátápátá nínú igbó, ẹ jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀ láìfi bò. Ohun tó kù ni láti dín ewu kù. Ẹ kúrò lórí òkè àti ní gbangba pápá. Ẹ jìnnà sí igi tó dá dúró, sí odò, sí wáyà ọgbà. Ibi tí igi kéékèèké tó ga dọ́gba pọ̀ sí sàn díẹ̀ ju ìdí igi gogoro lọ, àmọ́ ẹ má fara kan èyíkéyìí nínú wọn. Ẹ má dùbúlẹ̀. Ẹ lóṣòó, kí ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́ra.

Ẹ má ṣe kóra jọ. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù á mú kí gbogbo èèyàn fẹ́ di ara wọn mú, pàápàá àwọn ọmọdé. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi àlàfo tó mítà 15 sílẹ̀ sí ẹnì kejì, kí ẹ ṣì máa rí ara yín. Bí àrá bá sán sí ibì kan, kò ní mú gbogbo yín, àwọn tó kù á sì lè ran ẹni tó mú lọ́wọ́.

Ẹ̀rẹ̀dó Sùngbọ́ jìn dáadáa. Ṣé a lè sá sínú rẹ̀?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Odi àti kòtò yẹn gùn tó nǹkan bí kìlómítà 160 yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ga tó mítà 20 láwọn ibì kan. Àwọn igi tó hù sí etí rẹ̀ ń na gbòǹgbò sórí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Nígbà òjò ńlá, omi ń wọ́ sínú kòtò, ilẹ̀ etí rẹ̀ ń rọ̀, igi sì lè ya bọ́ sórí ẹni tó wà nísàlẹ̀ níbi tí kò ti ní ọ̀nà sá. Ẹni tó bá lọ ṣe àbẹ̀wò sí Òkè-Ẹ̀rí, bí ojú ọjọ́ bá ti ṣú, kó padà sí ìlú.

Àrá ti sán lu ẹnì kan. Wọ́n ní ká má fọwọ́ kàn án, pé iná ṣì wà lára rẹ̀, pé àfi kí àwọn Mọgbà, ìyẹn àwọn àwòrò Ṣàngó, dé.

Níbí ni mo fẹ́ bẹ̀ yín tọwọ́tẹsẹ̀. Iná kò dúró sí ara ẹni tí àrá sán lù. Ó ti kọjá lọ kí ẹ tó pa ojú dé. Ẹ lè fọwọ́ kàn án lójú ẹsẹ̀, kò sì ní ṣe yín ní nǹkan kan.

Ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ wọn ni pé ọkàn wọn dúró, tí mímí wọn sì dúró. Ọkàn lè tún bẹ̀rẹ̀ bí ẹnì kan bá tètè ràn án lọ́wọ́. Bí kò bá mí, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ sí àárín àyà rẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ kejì lé e, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó sẹ́ńtímítà 5, kí ẹ jẹ́ kó gbéra, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́, ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ má dáwọ́ dúró. Kí ẹlòmíràn pe 112, kí ẹnì kan wá ọkọ̀. Bí ó bá rẹ̀ yín, kí ẹlòmíràn gbà á. Bí àwọn tí ó mú bá pọ̀, ẹni tó dákẹ́ tí kò mí ni kí ẹ kọ́kọ́ sáré bá, nítorí ẹni tó ń ké ṣì ní ẹ̀mí lára. Bí ẹ̀mí bá sì padà, ẹ má jẹ́ kó lọ sùn nílé. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbé e lọ, irú èyí tó wà ní Ṣágámù tàbí Ìlíṣàn, àti ẹni tó dìde fúnra rẹ̀ tó ní kò sí nǹkan, torí ọkàn, etí àti ojú lè bàjẹ́ lẹ́yìn náà.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ọ̀rọ̀ Ṣàngó. Ìdílé tó bá fẹ́ ṣe ètùtù, kí wọ́n ṣe é. Àmọ́ ìṣẹ́jú tí a fi ń dúró de àwọn àgbà ni ìṣẹ́jú tí ẹ̀mí fi ń bọ́. Ẹ gba ẹni náà là ná. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀sùn olè tàbí ìkà kan òbí tí ọmọ rẹ̀ kú báyìí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó sá sábẹ́ mángòrò nítorí òjò kò jí nǹkan ẹnikẹ́ni.

Aṣáájú ọ̀dọ́ ni mí. Kí ni kí n ṣètò kí n tó kó wọn lọ?

Ẹ lọ wo ibẹ̀ fúnra yín lọ́sàn-án, kí ẹ wá ilé gidi tí ẹ lè dé láàárín ìṣẹ́jú 10, kí ẹ sì bá ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ṣáájú. Mo mọ ìpàgọ́ kan tí ilé ẹ̀kọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n títì ni ilẹ̀kùn wà, ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ ti wọ ìlú lọ, àwọn ọmọ sì dúró sábẹ́ ìgbátí òrùlé títí òjò fi dá. Ẹ wo ohun tí àwọn NiMet bá sọ nípa ojú ọjọ́. Ẹ yan ẹni tí yóò máa ṣọ́ òru. Kí ẹ ní ìró fèrè kan tí gbogbo ọmọ mọ̀ pé bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ, kí wọ́n fi ẹrù sílẹ̀ kí wọ́n máa lọ. Ẹ bá wọn dán an wò ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́.

Òjò ti dá. Ṣé a lè padà sínú àgọ́ lóru kan náà?

Ẹ jẹ́ kí ìṣẹ́jú 30 kọjá lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn, bí ẹ bá sì tún gbọ́ òmíràn, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìkà náà látìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí àgbàlagbà méjì gbé tọ́ọ̀ṣì lọ ṣáájú. Kí wọ́n tan iná sókè wo ẹ̀ka tó ti ṣẹ́ tó ṣì rọ̀ sókè, kí wọ́n tan án sílẹ̀ wo wáyà iná tó já. Wáyà tó já, ẹ má sún mọ́ ọn, bí ó ti wù kó dákẹ́ tó, ẹ pe àwọn oníná. Bí ẹ̀ka kan bá rọ̀ sókè àgọ́, tàbí tí omi bá ti dúró sí ìdí igi tó wà nítòsí, kí àwọn ọmọ sùn sínú kíláàsì di àárọ̀.